Ọwọ́ Tó Kọjá Lọ́fun

Ikùn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí, ṣùgbọ́n bí obìnrin náà ṣe lajú tán, ọ̀fun ló fọwọ́ dì mú. Ohùn rẹ̀ há, ó sì ń gbé itọ́ mì tìṣọ́ratìṣọ́ra. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kì bọ̀ mí lọ́fun?" Ẹni tó bá ti ṣọ́ aláìsàn rí ní wọ́ọ̀dù àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti tíátà dé á ti gbọ́ irú ìbéèrè yìí. Wọ́n la ènìyàn níkùn, wọ́n yọ ohun tó ń dà á láàmú, wọ́n rán an padà. Ojú abẹ kò tíì máa dun aláìsàn tó bẹ́ẹ̀, torí oògùn ìrora ṣì wà lára. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé ọwọ́ máa dé ló wá ń ta á.

Àwọn ará ilé ò ní pẹ́ fún un lálàyé. Ẹnìkan á ní òtútù tíátà ló mú un. Òmíràn á ní oògùn oorun yẹn ló le jù. Ìyá àgbà kan á fara balẹ̀, á ní ó ti ń ké lójú oorun ni, wọn ò kàn fẹ́ sọ fún wa ni. Mi ò ní bá wọn jiyàn lórí ibùsùn aláìsàn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí ni kí n yin ẹni tó fa ọgbẹ́ kékeré náà, torí kì í sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín ọpẹ́. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń di adìyẹ lọ fún. Dókítà akùnnilóorun, ẹni tó jókòó síbi orí aláìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tó ń bá a ṣọ́ èémí rẹ̀, bó bá ti mọṣẹ́ tó ni aláìsàn kì í rántí ojú rẹ̀ mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀fun tó ń ta fún ọjọ́ méjì yẹn nìkan ni ipa ọwọ́ rẹ̀ tí aláìsàn ń gbé lọ sílé. Ẹni tó bá sì mọ ohun tí ọwọ́ yẹn là kọjá níbẹ̀, ẹnu á yà á pé ipa rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀.

Oorun tíátà kì í ṣe oorun alẹ́. Lójú oorun alẹ́, ara ṣì ń ṣọ́ ara rẹ̀: bí itọ́ bá fẹ́ gba ibi tí kò yẹ, a ó wúkọ́, a ó yí padà, a ó sùn lọ. Oògùn tíátà máa ń mú ẹ̀ṣọ́ yẹn kúrò pátápátá. Ahọ́n á rọ̀, á wó sẹ́yìn, á dí ọ̀nà. Ohun tó wà nínú ikùn lè gòkè wá, kó ṣàn wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí wọ́n bá sì fún aláìsàn ní oògùn tó ń dẹ iṣan, kí oníṣẹ́ abẹ lè ráyè ṣiṣẹ́ nínú ikùn, àyà rẹ̀ ò ní lè mí fúnra rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti túùbù kan gba ẹnu wọlé, tó máa gba àárín tán-án-ná kọjá sínú kòmóòkun, kí ẹ̀rọ lè máa bá a mí. Tán-án-ná yìí kan náà ló fi ń pe oníbàárà lọ́jà, òun ló fi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló fi ń bá ọmọ wí. Awọ ibẹ̀ rọ̀, ó tutù, kò sì fẹ́ àlejò.

Iṣẹ́ náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí aláìsàn tó dé tíátà. Dókítà akùnnilóorun á wá sí wọ́ọ̀dù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, á fa àga, á jókòó. Mo fẹ́ràn èyí tó bá jókòó. Èyí tó dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tó ń ka ìwé lé aláìsàn lórí kì í gbọ́ nǹkan kan. "Ẹ la ẹnu dáadáa, Mà. Ẹ yọ ahọ́n síta. Ẹ má sọ̀rọ̀." Ó dà bíi pé ó kàn ń wo ẹnu lásán, ṣùgbọ́n ó ń ka ọ̀nà ni. Bó bá rí bèlúbèlú látòkè délẹ̀, àti ògiri káà ọ̀fun lẹ́yìn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ àjà ẹnu nìkan ló rí, tí ahọ́n sì bo gbogbo ìyókù, ó ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀la nira. Dókítà kan tí wọ́n bí ní Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, Seshagiri Mallampati, ló gbé ọ̀nà ìwoni yìí jáde ní 1985, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é títí di òní. Dókítà náà á tún ní kí ó gbé àgbọ̀n sókè, á fi ìka wọn láti àgbọ̀n dé gògóńgò. Á béèrè bóyá eyín kan ń mì, bóyá ó ń lo eyín àtọwọ́dá, bóyá ohùn rẹ̀ ti máa ń há tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí kì í sí nínú ìwé tí ọ̀pọ̀ wọn ń kọ nǹkan sí, àwọn tó gbọ́n nínú wọn sì ń bi í: "Irú iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Mà?" Bó bá ní olùkọ́ ni òun, tàbí pé òun ń ta ata ní Bódìjà, tàbí pé ẹgbẹ́ akọrin ni òun wà, dókítà náà ti mọ ohun tí ohùn jẹ́ fún ẹni tó wà níwájú òun. Ibẹ̀ náà ni á ti sọ fún un pé, "Bí ẹ bá jí, ọ̀fun lè máa dùn yín díẹ̀, ohùn yín sì lè há. Túùbù tí a máa fi bá yín mí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì mẹ́ta, ó ti lọ." Ọ̀rọ̀ yìí ò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún á jí, ọ̀fun á dùn ún, á sì mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tí wọn ò sọ fún á rò pé wọ́n ti ba òun jẹ́.

Ká wá wọ tíátà. Ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣe kì í ṣe túùbù, ìrọ̀rí ni. Á gbé ìrọ̀rí sábẹ́ orí aláìsàn, á sì dẹ orí náà sẹ́yìn díẹ̀, títí ọrùn á fi yọ síwájú tí ojú á sì wo òkè. Ó lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ń ṣàyẹ́sí aláìsàn ni, ṣùgbọ́n ẹnu, ọ̀fun àti kòmóòkun ló ń gbìyànjú láti tò sójú kan, kí ojú rẹ̀ lè rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ. Bí ìrọ̀rí bá dára, agbára díẹ̀ ló máa lò. Bí kò bá dára, agbára yẹn á ti inú awọ ọ̀fun jáde.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bo imú àti ẹnu aláìsàn, tí á mí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nìkan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣúra ni wọ́n ń kó pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, torí láàárín ìgbà tí àyà bá dákẹ́ àti ìgbà tí túùbù bá wọlé, kò sí ẹni tó ń mí fún un. Oògùn oorun á wọ iṣan. Ojú á pa dé kí ó tó ka nǹkan tán. Oògùn tó ń dẹ iṣan á tẹ̀ lé e. Èyí gan-an ni ibi tí sùúrù ti ń hàn. Ọ̀dọ́mọdé dókítà tó ń kánjú á ki irin bọ ẹnu kí oògùn tó ràn tán. Tán-án-ná á ṣì wà ní pípadé, yóò sì máa jà. Ẹni tó mọṣẹ́ á dúró, á máa wo àgbọ̀n títí yóò fi rọ̀ pátápátá.

Laryngoscope wà lọ́wọ́ òsì. Irin tó tẹ̀ kọrọdọ ni, iná kékeré sì wà lórí rẹ̀. Yóò gba apá ọ̀tún ẹnu wọlé, yóò sì ti ahọ́n sápá òsì bó ṣe ń lọ, títí orí irin náà á fi jókòó sínú kòtò kékeré tó wà láàárín ìdí ahọ́n àti ìdérí gògóńgò. Níbí ni iṣẹ́ gbogbo wà. Irú agbára tí a fi ń ki ẹ̀yìn ṣíbí bọ abẹ́ ìdérí agolo Bournvita, tí a wá tẹ ṣíbí náà wálẹ̀ kí ìdérí lè fò, ni ọwọ́ gbogbo ènìyàn ń fẹ́ lò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ eyín iwájú ni yóò di etí agolo. Ohun tí wọ́n ń kọ́ fún ọdún ni kí ọwọ́ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọrùn ọwọ́ á le gan-an, apá á gbé irin náà lọ sókè àti síwájú, sí apá ibi tí àjà àti ògiri ti pàdé ní òdìkejì yàrá. Irin náà ò ní fara kan eyín òkè rárá. Bó bá ti gbé e tó, ìdérí gògóńgò á ṣí fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé irin fọwọ́ kàn án, tán-án-ná á sì hàn: òwú funfun méjì tó pàdé níwájú, tó yà lẹ́yìn, tí òkùnkùn kòmóòkun sì wà láàárín wọn.

Wọ́n máa ń sọ pé kí ojú má kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún á nà jáde láìwẹ̀yìn, nọ́ọ̀sì tàbí olùrànlọ́wọ́ á gbé túùbù lé e lọ́wọ́, túùbù á gba etí ẹnu wọlé kí ó má baà dí ojú. Ó gbọ́dọ̀ rí i bó ṣe kọjá láàárín òwú méjèèjì. Bí túùbù bá kọ̀, kò ní tì í. Á yí i díẹ̀, tàbí kí ó ní kí ẹnìkan tẹ gògóńgò láti ìta, tàbí kí ó gba ọ̀pá rírọ̀ gígùn kan, tí á kọ́kọ́ ti wọlé, kí túùbù lè gùn ún kọjá. Ìgbìyànjú kejì láìyí nǹkan kan padà, mo ka irú rẹ̀ sí àìmọṣẹ́. Ọ̀fun ló máa san gbèsè rẹ̀. Nígbà tí àpò afẹ́fẹ́ tó wà nítòsí orí túùbù bá ti kọjá tán-án-ná díẹ̀, ó tó. Lẹ́nu obìnrin, àmì sẹ̀ǹtímítà 21 ló máa ń wà létí eyín; ti ọkùnrin, 23. Bó bá jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo ló máa gba afẹ́fẹ́. Bí kò bá jinlẹ̀ tó, àpò náà á máa tẹ tán-án-ná gan-an, ohùn á sì mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ kejì. Àyà á gbé sókè ní apá méjèèjì, wọ́n á gbọ́ èémí ní ọ̀tún àti òsì, ẹ̀rọ á fi hàn pé afẹ́fẹ́ tí ara ń mí jáde ń bọ̀ wá lóòótọ́. Wọ́n á fi plaster dè é mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti orí irin dé ibí, nígbà tí ọ̀nà bá ṣe geere, kì í tó ìṣẹ́jú kan.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe báyìí. Ní 1854, Manuel García, olùkọ́ orin, fi dígí kékeré àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn wo tán-án-ná ara rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo gbádùn pé ẹni tí ohùn jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fojú wa mọ ibẹ̀ dáadáa. Ní 1878, ní Glasgow, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ William Macewen ki túùbù irin bọ ọkùnrin kan lọ́fun gba ẹnu, kí ó tó fún un ní oògùn oorun, torí kókó kan wà ní ìdí ahọ́n rẹ̀. Ìka ló fi ń wá ọ̀nà, ojú ọkùnrin náà sì là sílẹ̀ kedere. Mi ò fẹ́ ronú nípa ọ̀fun ẹni yẹn pẹ́ títí.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ní Sidcup, lẹ́bàá London, wọ́n ń tún ojú àwọn sójà tí ìbọn ti fọ́ ṣe, ìbòmú olóorun sì dúró gan-an síbi tí oníṣẹ́ abẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ sí. Ivan Magill àti Stanley Rowbotham ló bẹ̀rẹ̀ sí í ti túùbù rọ́bà kọjá lọ, kí ojú aláìsàn lè ṣófo fún oníṣẹ́ abẹ. Magill fúnra rẹ̀ ń gé túùbù láti ara rọ́bà pupa, tó ń mú kí etí rẹ̀ dán kí ó má baà ha awọ. Ní Amẹ́ríkà, Arthur Guedel àti Ralph Waters fi àpò afẹ́fẹ́ sára túùbù, kí ohunkóhun má lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣàn sínú ẹ̀dọ̀fóró. Láti fi hàn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò sí ibi tí omi lè gbà, Guedel kun ajá rẹ̀ lóorun, ó fi túùbù sí i, ó sì rì í sínú omi pátápátá. Ajá náà jí, ó gbọn omi ara rẹ̀ dànù. Irin tó tẹ̀ kọrọdọ tí mo ṣàpèjúwe lókè, Robert Macintosh ní Oxford ló gbé e jáde ní 1943: bó ṣe ń fi irin mìíràn la ẹnu aláìsàn kan tí wọ́n fẹ́ yọ tonsil ọ̀fun rẹ̀, ó ṣàdédé rí tán-án-ná kedere, ó sì mọ̀ pé kò pọn dandan kí irin fọwọ́ kan ìdérí gògóńgò. Irin tó ń kan nǹkan díẹ̀ ni ọ̀fun ń dárí jì. Lẹ́yìn rẹ̀, ní 1981, Archie Brain ní London ṣe ìbòjú rọ́bà kékeré kan tó ń jókòó lórí gògóńgò láìwọ inú tán-án-ná rárá. Ọ̀fun àwọn tí wọ́n bá lo èyí fún kì í sábà dùn tó ti àwọn tó gba túùbù, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹni tí ikùn rẹ̀ kún.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àpò afẹ́fẹ́ yẹn, torí ibẹ̀ ni mo rò pé wọ́n ti ń mọ oníṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn gba ìwé ẹ̀rí. Gbogbo ènìyàn ló lè rí ọwọ́ tó ń gbé irin. Síríǹjì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò náà, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Awọ tó tẹ́ inú kòmóòkun tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ kò sì ní agbára púpọ̀. Agbára tí àpò náà fi ń tẹ̀ ẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju ti omi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, kò sì yẹ kó dín sí 20. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ibẹ̀ mọ́, awọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Bó bá kéré jù, itọ́ á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó yẹ kí ohun ìwọ̀n wà tí wọ́n á so mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ tíátà tiwa ni kò sì ní i. Àwọn kan á fẹ́ afẹ́fẹ́ síríǹjì kan gbáko sí i, wọ́n á fi ìka méjì tẹ bọ́ọ̀lù kékeré tó wà níta, wọ́n á ní ó ti dára. Ìka ń purọ́ níbẹ̀. Wọ́n ti dán an wò lọ́pọ̀ ibi, wọ́n sì rí i pé agbára tí ìka pè ní dáadáa máa ń ju bó ṣe yẹ lọ.

Èyí tó mọṣẹ́ tí kò sì ní ohun ìwọ̀n, etí rẹ̀ ló ń lò. Bí ẹ̀rọ ṣe ń fẹ́ èémí wọlé, á gbé etí sún mọ́ ẹnu aláìsàn, tàbí kí ó gbé ohun èlò ìgbọ́yà lé ọrùn rẹ̀. Á máa gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sín jáde létí túùbù. Á fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí àpò, á dúró, á tún fẹ́ díẹ̀. Ibi tí sínsín náà bá ti dákẹ́, ibẹ̀ náà ni síríǹjì ti ń dúró. Bí iṣẹ́ abẹ bá sì gùn, tó sì ń lo afẹ́fẹ́ nitrous oxide, ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ yẹn á máa yọ́ wọnú àpò náà, tí á máa wú u láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Á máa padà wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n túùbù. Nígbà kan, ohun tí wọ́n gbàgbọ́ ni pé bí túùbù bá ṣe tóbi tó ni èémí á ṣe rọrùn tó, wọ́n sì ń ki èyí tó há bọ ọ̀fun. Lónìí, túùbù tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 7 ti tó fún ọ̀pọ̀ obìnrin, àwọn dókítà míràn á sì lo èyí tó kéré sí i. Ọ̀fun obìnrin ló sì sábà máa ń dùn jù lẹ́yìn oorun tíátà, torí ọ̀nà rẹ̀ kéré sí ti ọkùnrin. Àwọn kan máa ń fún aláìsàn ní dexamethasone kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń ṣèrànwọ́. Síbẹ̀ kò sí oògùn tó lè dí ipò ọwọ́ tó fúyẹ́. Láàárín àwọn tó gba túùbù, ìwádìí kan lè rí i pé ọ̀fun dun ìdá márùn-ún kan nínú wọn, òmíràn á rí i pé ó ju ìdajì lọ. Ìdí tí ìyàtọ̀ náà fi tó bẹ́ẹ̀ pọ̀. Èmi ò rò pé ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ dókítà kan àti ti òmíràn ò sí nínú rẹ̀.

Yíyọ túùbù náà ní ọgbọ́n tirẹ̀, ojú àwọn tó kù nínú tíátà kì í sì í sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti ń ka abẹ́rẹ́, wọ́n ti ń pe aláìsàn tó kàn. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti kó jọ sẹ́yìn ọ̀fun. Páìpù tó ń fa á jáde le, ó sì ń fà gan-an. Bó bá kan bèlúbèlú, á fà á wọlé, á sì wú lọ́jọ́ kejì. Akùnnilóorun rere á gba ẹ̀gbẹ́ lọ, á máa wo ibi tó ń lọ. Á rí i pé afẹ́fẹ́ inú àpò ti jáde pátápátá kí ó tó fa túùbù, torí àpò tó ṣì wú á gba àárín tán-án-ná bọ̀, á sì fi ipa púpọ̀ sílẹ̀. Á dúró kí aláìsàn lajú, kí ó gbọ́ orúkọ rẹ̀. "Ìyá, iṣẹ́ ti parí. Ẹ la ẹnu." Á yọ ọ́ lójú èémí kan ṣoṣo.

Láti ibí ni ọ̀fun ti bọ́ sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù, àwọn náà sì ní ìmọ̀ tí mo fẹ́ yìn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó mọṣẹ́ kì í dá ìbéèrè "kí lẹ kì bọ̀ mí lọ́fun" lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Á kọ́kọ́ fetí sí ohùn náà. Ohùn tó há lásán kò bà á lẹ́rù. Èémí tó ń dún fíì bó ṣe ń wọlé, ọrùn tó ń wú, itọ́ tí kò ṣeé gbé mì rárá débi pé ó ń ṣàn jáde, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lọ́fun: bó bá rí ọ̀kan nínú wọn, á pe dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá rí nǹkan kan nínú ìwọ̀nyí, á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún aláìsàn ní kúkúrú, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kò ní fún un ní omi kí ó tó rí àṣẹ, torí ikùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní òfin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n á fi òwú tó ti omi bọ̀ pa ètè rẹ̀, á sì bi dókítà léèrè nípa omi dídì kékeré tí aláìsàn lè máa lá. Ọ̀fun tí ebi àti òùngbẹ ti gbẹ láti alẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ẹ̀rọ tún ti kọjá lára rẹ̀, omi ni olórí oògùn rẹ̀. Nígbà tí mímu bá ti di àyè, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ ló dára, kì í ṣe ife kan lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá sì ti gbà á láyè, ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀ nínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́: á gbé orí sẹ́yìn, á jẹ́ kí omi náà máa hó lọ́fun, á tu ú dànù. Paracetamol tí wọ́n fún un nítorí ojú abẹ á ran ọ̀fun náà lọ́wọ́. Kí ó má lọ fi oògùn ìrora mìíràn tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì lé e láìbéèrè, torí àwọn kan lè mú kí ojú abẹ máa ṣẹ̀jẹ̀.

Àwọn àlejò ni ìjà rẹ̀ gidi. Wọ́n á dé pẹ̀lú kúlà ọbẹ̀ ata, orógbó àti Robb. Robb tí wọ́n ń fi para lọ́rùn kò dé ibi tó ń dùn. Orógbó, mo mọ iyì rẹ̀ lẹ́nu akéwì àti oníwàásù, ṣùgbọ́n rírún rẹ̀ ń ha ibi tó bá bó. Kó dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ní kí ó fi ọtí líle fọ ọ̀fun, kí wọ́n rọra sìn ín dé géètì. Nígbà tí oúnjẹ bá dé, ògì tí kò gbóná jù ni yóò bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà àmàlà àti ewédú tí ata rẹ̀ kò pọ̀, tó ń yọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Gàrí tútù, èèpo búrẹ́dì àti ẹja eléegun lè dúró.

Ohun tó tún máa ń ṣòro ni dídákẹ́. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló fẹ́ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó rò pé ìyẹn ló dára fún ohùn. Kò dára, bí wúyẹ́wúyẹ́ bá pọ̀, wàhálà ló ń dá sílẹ̀ fún tán-án-ná. Nọ́ọ̀sì mi àgbà á ní, "Màmá, ẹ rọra sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ní ohùn yín gan-an, tàbí kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá wọn sọ̀rọ̀." Ìlànà yìí ò sí lórí ògiri wọ́ọ̀dù kankan, ó sì níye lórí ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọjọ́ kejì sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọjọ́ kẹta á mú un lọ tán. Ohùn tó bá ṣì há lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tàbí ìrora tó ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín kù, tàbí ibà tó bá a wá, yẹ kó mú aláìsàn padà sọ́dọ̀ dókítà, torí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni eegun rírọ̀ kékeré inú gògóńgò máa ń yẹ̀, tàbí kí nǹkan ṣe tán-án-ná. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìtọ́jú bí wọ́n bá tètè rí i.

Ohun kan kù tí aláìsàn yẹ kó béèrè fún kí ó tó lọ sílé. Dókítà akùnnilóorun ti kọ ìlà kan sínú ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn: ìwọ̀n túùbù, iye sẹ̀ǹtímítà tó wọlé, bó ṣe rí tán-án-ná sí, àti pé ìgbìyànjú mélòó ló gbà á. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá nira, ìlà yẹn ló máa gba ẹ̀mí rẹ̀ là lọ́wọ́ àjèjì tó máa kùn ún lóorun ní ọdún mélòó kan sí i, ní ìlú mìíràn, níbi tí fáìlì àtijọ́ kò sí. Kí ó ní kí wọ́n dà á kọ fún òun, kí ó fi í sínú àpò kan náà tí ó ń kó káàdì ilé ìwòsàn sí. Bí wọ́n bá tún fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kí ó mú un síta kí wọ́n tó ní kó la ẹnu.